Abẹ́rẹ́ Ni Mo Wò

Jímọ́ọ̀ yí ẹ̀rọ ìránṣọ náà dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ó gbọn eruku òwú kúrò nínú ikùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá síkúrù tó de ìkọ́ mọ́ ìdí rẹ̀. Kò tètè rí i. Omi ń dà lójú rẹ̀, ipin ti lẹ ìpéǹpéjú ọ̀tún pọ̀, gbogbo ohun tó bá sì wò dà bí ohun tí wọ́n da omi ọṣẹ lé lórí.

"Kí ló ń ṣe é?" ló bèèrè.

"Ó ń fò," ni Ìsíátù dáhùn.

Ẹ̀yìn ni Ìsíátù kọ sí i. Ó ti gbé ẹ̀rọ náà wá láti ìsọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì títì, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá Jímọ́ọ̀, ẹ jọ̀ọ́," ó sì yíjú sí títì bí ẹni tó ń retí kẹ̀kẹ́. Gíláàsì dúdú ńlá kan bo ojú rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ìgbà tó ti dúró síbẹ̀, ìbòrí rẹ̀ nìkan ni Jímọ́ọ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

"Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń fò lórí ẹ̀ ni, àbí èyí tó nípọn?"

"Ibi tí mo bá ti ṣẹ́ gínnì po. Bó bá rán díẹ̀, á fo díẹ̀. Iléyá sì ti dé tán, aṣọ àwọn èèyàn kún ilẹ̀."

"Ṣé o fi agbára tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tó nípọn?"

"Mo fi agbára tẹ̀ ẹ́."

Láti òdìkejì títì, bàbá rẹ̀ gbé ohùn sókè lórí àga tó máa ń jókòó sí níwájú ìsọ̀ náà. "Ìsíátù, má wojú ẹ̀ o."

"Mi ò wò ó, Bàbá."

Jímọ́ọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó tún tẹjú mọ́ ikùn ẹ̀rọ. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tí ì bá bínú sí.

Àpólò ni wọ́n ń pe àìsàn ojú pípọ́n náà, kò sì sí ọmọ àdúgbò Kabawa ní Lokoja tí kò mọ bó ṣe ń ràn: bí o bá ti wo ojú ẹni tó ní i, o ti kó o nìyẹn. Nígbà tó wọ àdúgbò, ọ̀pọ̀ èèyàn sáré lọ ra gíláàsì dúdú. Àwọn aládùúgbò ń kojú sí ògiri kí ara wọn. Lọ́jọ́ tí ojú Jímọ́ọ̀ pọ́n, kẹ̀kẹ́ tó wọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí awakọ̀ fi na ọwọ́, tó yí dígí ọ̀kánkán rẹ̀ sókè, tó sì ní, "Oga, abeg, no look me for mirror."

Blessing tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì ìdí ọ̀nà nìkan ló wò ó lójú kòrókòró. "Ta ló sọ fún un yín pé ojú wíwò ló ń kó o ranni?" ló bi í. "Ọwọ́ ni. Ẹ fọwọ́ kan ojú, ẹ fọwọ́ kan nǹkan, ẹlòmíràn fọwọ́ kan nǹkan náà, ó gbé e lọ sójú tiẹ̀. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín lo tówẹ̀lì." Jímọ́ọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣí ikùn ẹ̀rọ tuntun hàn. Ó ti pẹ́ tó ti gbà pé ohun gbogbo ló ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ń ṣiṣẹ́ pàápàá, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọ̀kan tó ti bàjẹ́ ló tú palẹ̀ tó sì tò padà títí tó fi mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọṣẹ àti kẹ́tù omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Blessing fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Wọ́n kojú sí ògiri, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì ń kojú sí ògiri náà lọ.

Èyí tó dùn ún jù ni pé kí Àpólò tó dé, ojú nìkan ni òun àti Ìsíátù ní.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé sọ níbẹ̀. Bàbá Ìsíátù kì í kúrò lórí àga rẹ̀ àyàfi ní àkókò ìrun. Ọmọkùnrin kan bèèrè nọ́ńbà fóònù Ìsíátù lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bàbá kò bú u. Ó kàn ká aṣọ tí ọmọkùnrin náà gbé wá, ó dá a padà fún un, ó ní kí ó wá aránṣọ mìíràn. "Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀," ló wí, "kí ó rán àwọn ará ilé ẹ̀ wá." Gbogbo títì ló gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìsọ̀ méjèèjì kọjú síra. Bí Ìsíátù bá ti rán ẹsẹ̀ aṣọ kan tán, á tẹríba, á fi eyín já òwú, á sì gbójú sókè. Ojú Jímọ́ọ̀ ni ojú náà máa ń bà lé. Kò kọ́kọ́ kà á sí. Ó rò pé ojú ló ń sinmi. Lẹ́yìn náà ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe sí ẹ̀rọ tí kò yé e, ó ń yí nǹkan padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sápá òsì. Ojú Ìsíátù bá a lọ. Ó wọ inú lọ jókòó. Ìsíátù já òwú, ó wo àpótí tó ṣófo, ó sì na ọrùn wo inú ìsọ̀. Bí ojú àwọn méjèèjì bá pàdé, kì í sáré mú tirẹ̀ kúrò. Á fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i ju bí èèyàn ṣe ń wo aládùúgbò lọ, kó tó wá wo ilẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn mọ́, ó gbé e lọ bá Àǹtí Àyọ̀ká, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ẹni tó yẹ kó bá a lọ sílé Bàbá Ìsíátù. Àǹtí ń já ẹ̀fọ́.

"Kí ló sọ fún ọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ń wò mí."

Ẹ̀fọ́ náà dúró lọ́wọ́ Àǹtí. "Ó ń wò ọ́. Ewúrẹ́ Ìyá Huda náà ń wò mí láràárọ̀. Ṣé kí n ṣe ìgbéyàwó ni?"

"Àǹtí, ìwò yẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Ó máa ń pẹ́ díẹ̀."

"Ó máa ń pẹ́ bíi kí ni?"

Jímọ́ọ̀ ronú. "Bí ìgbà téèyàn ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

"Jímọ́ọ̀, ọ̀kánkán ọmọ náà lo jókòó sí. Níbo lo fẹ́ kó wò? Orí Òkè Patti?" Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀fọ́ rẹ̀ padà. "Mi ò lè lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá oníbàbá kí n ní ọmọ yín fi ojú pe ọmọ wa. Bó bá ní irọ́ ni ńkọ́? Níbo ni kí n gbé ojú tèmi sí? Mú ẹ̀rí tí mo lè dì mú wá. Ọjọ́ tó o bá mú un wá ni n ó lọ. Ṣùgbọ́n yára o. Mo gbọ́ pé àwọn ará ilé Àlí ń bọ̀ wá tọrọ ẹ̀ lẹ́yìn Iléyá."

Àlí ń ta aṣọ ní Ganaja, ó ní mọ́tò, ó sì ń kó gínnì wá fún Ìsíátù rán. Ẹ̀rí wo ni èèyàn lè rí dì mú lára ojú? Jímọ́ọ̀ ṣì ń wá a nígbà tí Àpólò dé. Ìsíátù ra gíláàsì dúdú. Bó bá já òwú tán, ilẹ̀ ló ń wò. Kí Jímọ́ọ̀ tó mọ̀ bóyá ẹ̀rù Àpólò ni tàbí ọ̀rọ̀ Àlí, ojú tirẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́, ó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Èyí kò ní síkúrù kankan.

Ọwọ́ rẹ̀ wá ba síkúrù tó ń wá nínú ikùn ẹ̀rọ Ìsíátù. Ó ti tú díẹ̀, bó ṣe rò.

"Ìkọ́ ẹ ti yẹ̀," ló sọ fún ìbòrí náà. "Gínnì tó o fi agbára kọjá lórí ẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ó máa ṣeé ṣe lónìí?"

"Ó máa ṣeé ṣe bí mo bá ríran."

Ó sún ìkọ́ náà, ó yí wíìlì ọwọ́, ó tẹ orí ba, ó wò. Ó rí abẹ́rẹ́ méjì níbi tí abẹ́rẹ́ kan wà. Ó nu ojú, ó wò ó padà. Abẹ́rẹ́ ṣì jẹ́ méjì. Ó ju irin ìtúdè sórí tábìlì.

Òdìkejì títì ni ìpè ìrun Alásàárì ti bá Bàbá Ìsíátù. Ó dìde, ó gbé kẹ́tù rẹ̀, ó gbọn agbádá, ó tún wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ọ̀nà mọ́sálásí lọ.

"Ìsíátù," ni Jímọ́ọ̀ wí, "wá bá mi wò ó."

"Bọ̀dá Jímọ́ọ̀, mi ò lè wò yín."

"Ta ló ní kó o wò mí? Abẹ́rẹ́ ni kó o wò. Èmi á máa yí wíìlì, ìwọ á máa sọ ohun tó o bá rí." Kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. "Kì í tiẹ̀ ṣe ojú ló ń kó o ranni. Ọwọ́ ni. Blessing ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

"Ẹ̀yin lẹ gbà á gbọ́. Ìyá mi wo ojú Ìyá Tósìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ojú tiwọn náà fi dì. Bí mo bá kó o báyìí, kí n fi kí ni ránṣọ Iléyá?"

"Kò burú. Má wò mí."

Ìsíátù fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ìsọ̀ títí ó fi kan tábìlì. Ó wá yí padà, ó doríkodò, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Òróró ẹ̀rọ àti tùràrí ń rùn lára ìbòrí rẹ̀. Jímọ́ọ̀ gbé ojú tirẹ̀ lọ sórí ògiri.

"Kí ni mò ń wò?"

"Abẹ́rẹ́ ń gbé òwú lọ sísàlẹ̀. Bó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kò tíì sí nǹkan tí ìkọ́ lè mú. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gòkè ni òwú á dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, á ṣe bí etí kékeré kan. Inú etí yẹn ni ìkọ́ gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá yá jù, etí ò tíì là. Bó bá pẹ́ jù, etí ti pa dé. Bí wọn ò bá ti bára wọn níbẹ̀, ó fò nìyẹn."

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń ránṣọ," ni Ìsíátù wí jẹ́jẹ́, "mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é." Ó tẹ̀ síwájú sí i. "Mi ò rí etí kankan."

"Gíláàsì yẹn ni."

Ó ṣiyèméjì. Ó bọ́ gíláàsì náà, ó há a sórí ìbòrí. "Ẹ yí i."

Jímọ́ọ̀ yí wíìlì díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń lọ sísàlẹ̀. Ó ti dé ìsàlẹ̀. Ó fẹ́ máa gòkè... mo rí i. Mo rí etí ẹ̀."

"Ìkọ́ ńkọ́?"

"Kò tíì dé. Ó ti pẹ́ jù."

Jímọ́ọ̀ sún ìkọ́, ó yí i. "Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Ó ti yá jù."

Ó sún un padà. Ó tún pẹ́ jù. Omi dà sí i lójú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó di wíìlì mú padà. Ó tún yá jù.

"Kò tó bẹ́ẹ̀ yẹn, Bọ̀dá Jímọ́ọ̀. Bíńtín ni mo wí. Ẹ ń sún un bí ẹni ń sún kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ọwọ́ kan ni mo fi ń sún un. Èkejì ló wà lára wíìlì."

"Ẹ gbé wíìlì fún mi nígbà yẹn."

Ó gba wíìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ń yí i, òun ni ó ń wò ó. Jímọ́ọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ìkọ́ mú, ó ń sún un bí ohùn rẹ̀ bá ṣe sọ. Ó rẹ wọ́n. Òógùn ń kán láti iwájú orí Jímọ́ọ̀ sórí tábìlì, nítorí oòrùn Lokoja kì í bọ̀wọ̀ fún páànù. Nígbà tó yá, Ìsíátù mú wíìlì dúró.

"Ẹ má mí. Ó ti wọ inú etí náà. Ẹ dè é."

Jímọ́ọ̀ de síkúrù náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi dùn ún.

Ó gbé ẹ̀rọ sórí ẹsẹ̀ irin tó fi ń dán iṣẹ́ wò. Ìsíátù jókòó sídìí rẹ̀, ó ṣẹ́ àjákù gínnì po nígbà mẹ́rin, ó ki í sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbé ohùn. Ó rán gínnì náà láti òpin dé òpin, kò fo ẹyọ kan. Ìsíátù fi èékánná tọ ojú ìrán náà lọ, ó rẹ́rìn-ín fún ara rẹ̀, ó tẹríba, ó fi eyín já òwú.

Ó sì gbójú sókè.

Gíláàsì náà ṣì wà níbi tó há a sí. Jímọ́ọ̀ kò rántí gbé ojú tirẹ̀ sá. Ó rí i bí Ìsíátù ṣe rántí: ara rẹ̀ le lójijì, ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè bí ẹni tó fẹ́ fa gíláàsì wálẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Ó padà sórí aṣọ. Kò sì wo ilẹ̀.

"Ojú yín pọ́n gan-an o," ló wí.

"Ó ń ta mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ó ṣì ń wò ó nígbà tí bàtà Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bọ̀ lórí títì. Ìgbà yẹn ló wá dá gíláàsì padà sójú, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ra, ó jáde.

"Ìsíátù. O ò wojú ẹ̀, àbí o wò ó?"

"Abẹ́rẹ́ ni mo wò, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ Ìsíátù kò ti dákẹ́ mọ́. Aṣọ Iléyá ń kúrò nílẹ̀, ó ń bọ́ sórí ìkọ́ ara ògiri. Ojú Jímọ́ọ̀ ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tí aṣọ tó kù nílẹ̀ kò ju ti ilé tiwọn lọ, Ìsíátù ṣí ìsọ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n bí ata.

Bàbá rẹ̀ yí àga rẹ̀ padà, ó kojú sí ògiri. Àlí wá gba agbádá tirẹ̀ lọ́sàn-án. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Bó ṣe rí ojú Ìsíátù báyìí, ó fi ọwọ́ bo tirẹ̀, ó padà sẹ́yìn títí ó fi kan mọ́tò. "Ẹ bá mi fi kọ́ sára ìṣó ìta yẹn," ló wí. Ìsíátù fi kọ́ ọ. Àlí dúró kí ó wọlé tán, ó fi ìka méjì já agbádá náà gbà, ó lọ.

Jímọ́ọ̀ rí gbogbo rẹ̀. Ó ra irú oògùn ojú tí Blessing tà fún òun, ó lọ gbé e síbi ìṣó náà, ó sì jókòó padà, inú rẹ̀ kò dùn. Wíìlì ẹ̀rọ ọjọ́ yẹn ló wá sí i lọ́kàn. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó di wíìlì mú, Ìsíátù sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́tù àti ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, kò sì fọ ọwọ́. Ìkọ́ ló gbà á lọ́kàn.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Àyọ̀ká bá a, tó wá wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó wò ó tán, ó wo òdìkejì títì, ó sì tètè yí ojú tirẹ̀ kúrò.

"Ọmọ yẹn ti kó o."

"Ó ti kó o."

"Wọ́n ní kì í bọ́ gíláàsì. Wọ́n ní kì í gbójú sókè fún ẹnikẹ́ni. Ta ló wá wò?"

Jímọ́ọ̀ mú irin ìtúdè, ó ń nù ún.

"Jímọ́ọ̀, ìwọ ni mò ń bi. Kò sẹ́ni tó ń kó Àpólò láìwo ojú ẹni tó ní i."

Ó la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ wíìlì, láti sọ bó ṣe ń lọ láti ojú sí ọwọ́, láti ọwọ́ sí irin. Ẹnu rẹ̀ wà ní lílà bẹ́ẹ̀ tí ohun mìíràn fi yé e. Òun ló mọ̀ pé ojú kì í kó o ranni. Ìsíátù kò gbà á gbọ́. Lójú Ìsíátù, ìyẹn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí Àpólò ń gbà wọlé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, aṣọ Iléyá kún ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti dé ìdajì ọ̀nà síbi gíláàsì, síbẹ̀ kò fà á wálẹ̀.

"Ó wò mí, Àǹtí."

"Ó pẹ́?"

"Ó pẹ́."

"Bí ìgbà téèyàn ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́?"

"Èèyàn á ti kì í bọ̀ ọ́, á sì ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán."

Àǹtí Àyọ̀ká kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ìró rẹ̀, ó ró o padà kó le dáadáa, ó gbá eruku kúrò ní eékún, ó sì dúró kí kẹ̀kẹ́ méjì kọjá. Ó sọdá. Jímọ́ọ̀ rí i tó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ìsíátù, tó gbé ojú sílẹ̀ pátápátá, tí kò gbé e sókè rárá. Èèyàn tó bá ń kọjá kò ní í mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí ẹ̀rù Àpólò. Bàbá wo ògiri fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ inú ìsọ̀, ó gbé àga kan jáde, ó fi etí agbádá nù ún, ó sì gbé e kalẹ̀ fún un.

Nínú ìsọ̀, ẹ̀rọ náà ń lọ, kò fò. Ó dúró. Ìsíátù já òwú, ó gbé ojú rẹ̀ tó pọ́n sókè, Jímọ́ọ̀ kò sì gbé tirẹ̀ kúrò.